Alẹ́ Tí Yìnyín Dí M8: Bí Mínísítà Kékeré Kan Ṣe Pàdánù Ipò Rẹ̀ ní Skọ́tlándì

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2010, Stewart Stevenson, mínísítà tó ń rí sí ìrìnnà ní Skọ́tlándì, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Wọ́n bi í léèrè bí ìjọba ṣe ṣe sí yìnyín tó já bọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní fọ́ọ̀sì kíláàsì ni, ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà dára jù lọ. Ní wákàtí yẹn gan-an, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ M8 tó lọ láti Glasgow sí Edinburgh, wọn ò lè lọ síwájú, wọn ò lè padà sẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sùn mọ́jú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Stevenson ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Àwọn tó bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ọkùnrin náà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, ẹnu náà sì jẹ̀bi lóòótọ́. Àga tó jókòó lé ló jẹ èmi lógún jù. Lójú òfin, olùrànlọ́wọ́ ni. Òun kọ́ ló di àpò owó mú, kò sì sí lára àwọn mẹ́fà tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ nígbà náà. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, òun nìkan ló lọ. Ká lè mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó di dandan ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe kan àga ọ̀hún.

Skọ́tlándì kò dà bí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tàbí Ògùn, tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè dárúkọ tó sì fún ní agbára tirẹ̀. Òfin kan tí ilé aṣòfin Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ní ọdún 1998 ló dá ilé aṣòfin Edinburgh sílẹ̀. Òfin yẹn ka àwọn nǹkan tí Lọ́ńdọ̀nù kò ní jù sílẹ̀. Ohunkóhun tí wọn kò bá kà síbẹ̀ ti di ti Skọ́tlándì. Àtúnṣe ọ̀nà bọ́ sí Edinburgh lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kò bọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n ọtí tí awakọ̀ lè mu kó tó wakọ̀ àti bí ọkọ̀ ṣe lè sáré tó kò bọ́ sí i nígbà náà. Nítorí náà, mínísítà ìrìnnà lè la ọ̀nà, ó lè dí kòtò inú rẹ̀, kò kàn lè yí òfin eré tó kan gbogbo ilẹ̀ náà padà nígbà náà.

Abala 49 nínú òfin náà ló sọ̀rọ̀ nípa àwọn mínísítà kékeré. Olórí Mínísítà, ẹni tó ń darí ìjọba Skọ́tlándì, ló máa ń yàn wọ́n, ilé aṣòfin á fọwọ́ sí i, Ọba tàbí Ọbabìnrin á gbà á wọlé. Iṣẹ́ wọn nínú òfin kò ju gbólóhùn kan lọ: kí wọ́n ran àwọn mínísítà Skọ́tlándì lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ibì kankan tó sọ pé ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ ni yóò gba ẹ̀bi bí iṣẹ́ bá dàrú.

Ìrìnnà kò bẹ̀rẹ̀ sí ipò kékeré o. Nígbà tí ilé aṣòfin náà ṣí ní ọdún 1999, Sarah Boyack ló mójú tó ìrìnnà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àyíká, inú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ló sì wà. Ní 2007, ẹgbẹ́ òṣèlú SNP (Scottish National Party) borí pẹ̀lú ìjókòó 47 nínú 129, ẹgbẹ́ Labour ní 46. Alex Salmond tó di Olórí Mínísítà ní ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti pọ̀ jù, ó dín in kù sí èèyàn mẹ́fà, òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn. John Swinney gba owó ìjọba àti ọ̀rọ̀ ajé, wọ́n sì ti ìrìnnà sábẹ́ rẹ̀. Bí Stevenson ṣe di mínísítà kékeré fún ìrìnnà, ohun amáyédẹrùn àti àyípadà ojú ọjọ́ nìyẹn, pẹ̀lú Swinney lókè rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí àga ń kéré, iṣẹ́ ń pọ̀ sí i. Òfin ọkọ̀ ojú irin tí Westminster ṣe ní 2005 ti gbé ọ̀pọ̀ agbára lórí ọkọ̀ ojú irin wá sí Edinburgh. Ní oṣù Kìíní 2006, wọ́n dá àjọ Transport Scotland sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn ọ̀nà ńlá àti ọkọ̀ ojú irin. Bíi 3,500 kìlómítà ni ọ̀nà tó wà lábẹ́ ìjọba Edinburgh fúnra rẹ̀. Tí èèyàn bá fi wé gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ náà, kò ju bíi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí ìyókù sì jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kékeré yẹn kọ́ ni ọkọ̀ àjàgbé ń gbà, M8 ni. Òun ló so ìlú méjì tó tóbi jù pọ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń wọ ọjà Glasgow ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá.

Stevenson fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláìmọṣẹ́. Ó kàwé ìṣirò ní Aberdeen, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí kọ̀ǹpútà ní Bank of Scotland kó tó wọ òṣèlú. Ìjókòó Banff and Buchan tó dé ní 2001, Salmond ló kúrò níbẹ̀ fún un, torí náà èèyàn Olórí Mínísítà ni, gbogbo ayé sì mọ̀. Iṣẹ́ òfin ló dára sí jù. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fòpin sí owó ibodè lórí afárá Forth àti afárá Tay ní oṣù Kejì 2008, àwọn tó ń gba ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ sì dúpẹ́. Òun ló gbé òfin àyípadà ojú ọjọ́ ti 2009 já nílé aṣòfin: kí èéfín tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ dín kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún títí di 2020, kó sì di ìdá 80 títí di 2050. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó takò ó. Ó tún ti ń bá àbá òfin fún afárá tuntun lórí omi Forth bọ̀ láti ìparí 2009. Tí wọ́n bá ní ká fi ìwé òfin díwọ̀n mínísítà, ọkùnrin yìí kò ní gba òdo.

Ìparí oṣù Kọkànlá 2010 ni yìnyín bẹ̀rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. Oṣù Kejìlá ọdún náà tutù ju gbogbo oṣù Kejìlá tí wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo Ìlú Ọba láti 1910. Kí ọjọ́ Ajé yẹn tó dé, àwọn ọmọ ogun ti jáde ní Edinburgh, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ojú ọ̀nà ti rẹ̀, àwọn tó ń da iyọ̀ sí i náà ti rẹ̀.

Ẹni tí kò gbé ilẹ̀ olótùútù rí lè máa rò pé ohun tó rọrùn ni: wọ́n á da iyọ̀ sílẹ̀, yìnyín á yọ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di omi kó tó lè ṣiṣẹ́, táyà ọkọ̀ tó ń kọjá ló sì ń fọ́ ọ tó ń pò ó. Nígbà tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ sí bíi òdì 7 tàbí òdì 10 lórí ìwọ̀n Celsius, ó máa ń pẹ́ kó tó ran nǹkan kan. Bí yìnyín bá ń já bọ́ wìtìwìtì, iyọ̀ tí wọ́n dà láàárọ̀ á bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó ní abẹ irin níwájú ló kù tó lè gbá a kúrò, abẹ yẹn sì nílò ọ̀nà tó ṣófo. Ọ̀nà ò ṣófo láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àkókò tí àwọn èèyàn ń lọ sí ibi iṣẹ́ ni yìnyín ọ̀hún dé.

Ìyókù rọrùn láti fojú rí. Tírélà kan dé orí òkè díẹ̀, táyà ẹ̀yìn ń yí lásán, kò gùn. Ó yọ̀, ó dábùú ọ̀nà. Tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá tẹ bíréèkì, òun náà á dúró, ti ẹ̀yìn rẹ̀ náà á dúró. Ọkọ̀ tó dúró ń fi táyà tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, yìnyín á sì di gíláàsì. Ọkọ̀ tó gbé iyọ̀ bọ̀ wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ gbà là. Láti ìgbà yẹn, iye iyọ̀ tó wà ní àká kò já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó bá ti sùn sínú ọkọ̀ rí lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, àyàfi ti òtútù. Èèyàn máa ń bá ara rẹ̀ ṣírò epo: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ara á yá, epo á tán. Bí ó bá pa á, epo á kù, ẹsẹ̀ á kú. Bátìrì fóònù ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá wákàtí kan ló kù tàbí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibi tó dun àwọn èèyàn jù nìyẹn. Kì í ṣe pé yìnyín já bọ́. Wọ́n wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún wọn, wọ́n sì gbọ́ lẹ́yìn náà pé mínísítà ti ní fọ́ọ̀sì kíláàsì ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ọkọ̀ nínú òtútù lóru ni Stevenson fẹ́ yìn, ìyìn náà sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Ìjọba ní ìwọ̀n tí wọ́n sọ fáwọn kò tó èyí tó bọ́ sílẹ̀. Àwọn alátakò ní ìkìlọ̀ ti jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ọ̀nà tó dí. Lójú tèmi, àríyànjiyàn yẹn ṣe Stevenson ní ibi ju yìnyín lọ, torí ó jọ ẹni tí ilé ń jó tó ń bá ẹni tó kígbe jà lórí bó ṣe kígbe. Nígbà tó fi máa di àárín ọ̀sẹ̀, ó ti tọrọ àforíjì nílé aṣòfin. Salmond dúró tì í ní gbangba. Àmọ́ ìjọba tó ní 47 nínú 129 kò lè dá borí tí àwọn tó kù bá pa ìbò wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ pé wọ́n á dìbò pé àwọn kò fọkàn tán mínísítà náà mọ́ sì ti gbòde. Ní Sátidé, ọjọ́ 11, ó lọ. Ohun tó gbà pé òun kùnà lé lórí ni bí wọ́n ṣe bá aráàlú sọ̀rọ̀.

Swinney, ọ̀gá rẹ̀, wà ní ipò. Ẹnì kan kò béèrè pé kó lọ. N kò sọ pé ó yẹ kó lọ, mo kàn ń fi ojú abala 49 wò ó: àwọn tí òfin ní olùrànlọ́wọ́ yìí ń ràn lọ́wọ́ kò fi ìka kan kan yìnyín. Ó ti di pé aráàlú kò ka òfin láti mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Ojú tí wọ́n rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n bi.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tó kúrò, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ilé aṣòfin fọwọ́ sí àbá afárá Forth tó ti gbé bọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Afárá náà ni wọ́n wá ń pè ní Queensferry Crossing, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gba orí rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ 2017.

Ẹni tí Salmond fi rọ́pò rẹ̀ ni Keith Brown, tó ti wà nínú ọmọ ogun ojú omi Royal Marines tó sì ja ogun Falklands. Bí wọ́n bá ṣe yàn án nítorí ìyẹn, n kò lè bá wọn jà. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti jọ ti ológun ju ti amòfin lọ. Láti ìgbà òtútù yẹn ni ìrísí iṣẹ́ náà ti yí padà. Mínísítà kì í dúró de kí ọ̀nà dí mọ́ kó tó yọjú. Àwọn ọlọ́pàá, àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, àwọn agbaṣẹ́ṣe ojú ọ̀nà àti Transport Scotland ń jókòó pọ̀ kí yìnyín tó dé, mínísítà á sì bọ́ sórí rédíò láti ní kí èèyàn jókòó sílé. Kódà, wọ́n ti fi máàpù sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí èèyàn ti lè rí ibi tí ọkọ̀ tó ń da iyọ̀ wà. Àwọn ọkọ̀ náà tiẹ̀ ní orúkọ, ọ̀kan ń jẹ́ Gritty Gritty Bang Bang, òmíràn Sir Andy Flurry. Ọmọdé ń wò ó bíi wíwo eré. Ẹ lè fi í ṣẹ̀rín, ṣùgbọ́n ìdáhùn sí alẹ́ M8 ni: ẹni tó wà nínú òkùnkùn ní 2010 kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ kankan ń bọ̀.

Ní oṣù Kejìlá 2015, wọ́n rí ìlà tó sán lára irin afárá Forth àtijọ́ tó ti wà láti 1964. Wọ́n tì í pa láti ọjọ́ 4 títí di ọjọ́ 23. Derek Mackay ni mínísítà kékeré nígbà náà, ó sì la ìyẹn kọjá.

Ìdánwò tó jọ ti Stevenson jù lọ dé bá Humza Yousaf. Ní ìparí oṣù Kejì 2018, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ gbé ìkìlọ̀ pupa jáde fún yìnyín, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Skọ́tlándì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti ní kí gbogbo èèyàn má jáde kí yìnyín tó dé. Síbẹ̀, ọkọ̀ bíi 1,000 há sí ọ̀nà M80 mọ́jú, àwọn ará abúlé tó wà nítòsí sì ń gbé oúnjẹ àti tíì lọ fún wọn. Àwòrán kan náà pẹ̀lú ti 2010 ni: ìlà iná pupa tí kò yẹ̀, yìnyín lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tírélà tó dábùú. Yousaf kò sọ pé fọ́ọ̀sì kíláàsì ni. Ó kọjú sí àwọn awakọ̀ tírélà, ó ní wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ wọ́n sì tún jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn bí àwọn tó ni ọkọ̀ nínú, torí oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù náà kọ́kọ́ gun tírélà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ti ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè gbé e lé lórí, ipò rẹ̀ kò sì mì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n gbé e ga sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Ní 2023 ó di Olórí Mínísítà.

Mo máa ń ronú lórí èyí. Yìnyín kan náà, irú ọ̀nà kan náà, ìyà kan náà fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ní 2018, ìkìlọ̀ ti ṣáájú yìnyín, mínísítà sì lè tọ́ka sí i. Iṣẹ́ tó wà fún ṣíṣe òfin ti di iṣẹ́ tó wà fún sísọ̀rọ̀ lásìkò. Bóyá ìyẹn mú ọ̀nà dára sí i, ẹ bi àwọn tó sùn sí M80.

Àwọn tó ń pín ipò náà kò tíì pinnu bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Agbára ń wọlé sí i: òfin 2012 fi ìwọ̀n ọtí awakọ̀ àti eré ojú ọ̀nà lé Edinburgh lọ́wọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 2014 wọ́n dín ìwọ̀n ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kù láti mílígíráàmù 80 sí 50. Ní oṣù Kẹrin 2022, ọkọ̀ ojú irin ScotRail bọ́ sábẹ́ ìjọba. Àga náà ní tirẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 2018 ìrìnnà padà sí ìgbìmọ̀ aláṣẹ lábẹ́ Michael Matheson. Ní 2021 wọ́n tún dá mínísítà kékeré padà sábẹ́ rẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló sì jókòó síbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Ẹni kẹrin, Fiona Hyslop, wọlé ní oṣù Kẹfà 2023 gẹ́gẹ́ bíi kékeré. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ lórí iṣẹ́ ìrìnnà kan náà tó ti ń ṣe.

Stevenson kò pẹ́ nínú aginjù. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Karùn-ún 2011, tí SNP ti wá ní ìjókòó tó pọ̀ tó láti dá ṣe ìjọba, Salmond pè é padà, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án 2012. Mínísítà kékeré náà ni wọ́n tún fi ṣe. Wọ́n mú ojú ọ̀nà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní àyíká àti àyípadà ojú ọjọ́. Ojú ọjọ́ tó gbé e ṣubú ni wọ́n tún fà lé e lọ́wọ́.